Ilà Omi Lára Ògiri Mbah Karsinah

Mo ya ẹja ńlá kan bo ilà omi tó wà lára ògiri Mbah Karsinah, nígbà tó yá, mo tún fi ọwọ́ ara mi ha ẹja náà kúrò lójú gbogbo àdúgbò.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwòrán sí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹnì kankan kò kọ́ mi. Bàbá mi ń lẹ táyà lẹ́bàá títì tó lọ sí ìlú Semarang, èmi sì ń fi ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù nínú agolo ya ohun tí mo bá rí: ẹkùn, òkè tó ń yọ èéfín, obìnrin tó ń sunkún nítorí pé ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ kò tíì dé. Àwọn awakọ̀ fẹ́ràn obìnrin tó ń sunkún. Ogún ọdún ni mo fi ya ojú kan náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń tẹ sítíkà dé. Ẹ̀rọ wọn ń tẹ obìnrin náà jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omijé rẹ̀ sì ń dán ju èyí tí èmi ń yà lọ. Mo pa búrọ́ọ̀ṣì tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í din tahu, wàrà ẹ̀wà sóyà, tà.

Ìdí agbada tahu ni Pak Wagiman, olórí àdúgbò wa, ti wá bá mi.

"War," ó ní, "fi tahu yẹn sílẹ̀. A fẹ́ ya àwòrán sára ògiri àdúgbò."

"Ògiri wo?"

"Gbogbo èyí tí kò bá tíì wó."

"Ìyẹn ò pọ̀."

"Ohun tó jẹ́ kí n tètè wá nìyẹn."

Kì í ṣe àwàdà. Sumur Lor wà létí òkun, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń rì. Bí òkun bá kún, omi á gba ojú gọ́tà gòkè, á wọlé, á jókòó fún bíi wákàtí mẹ́ta, á tún padà síbi tó ti wá. Tí ilẹ̀ ilé bá ti wọlẹ̀ jù, a ó da iyanrìn sí i, a ó tẹ́ sìmẹ́ǹtì lé e, a ó gbé e ga. Bẹ́ẹ̀ ni òrùlé wa ṣe ń sún mọ́ wa lórí. Àwọn tó rí ibi lọ ti lọ. Ní ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo, ilé mẹ́rìnlá ló wà ní títì pa, tí ewúrẹ́ ń sùn lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Pak Wagiman ti gba ọ̀dà lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìlú. Ó ní ọ̀nà tóóró yẹn la ó fi dánrawò, ayàwòrán mẹ́fà, ògiri mẹ́fà. Bí àwọn èèyàn bá ń wá wò ó, ọ̀nà mẹ́wàá mìíràn wà nílẹ̀, ẹni tí ògiri rẹ̀ bá dára á ní iṣẹ́ lọ́wọ́ fún ọdún méjì. Mo pa iná agbada.

Méjì nínú àwa mẹ́fà jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Èyí tí ń jẹ́ Galih wọ awò ojú, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń di àkàbà mú. Ó sọ fún wa pé ògiri yóò bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n ti gbàgbé. Mo ní ògiri kì í sọ̀rọ̀, kí ó jọ̀ọ́ bá mi gbé garawa.

Ọjọ́ Àìkú la ṣe ọ̀wẹ̀. Gbogbo ilé ló jáde. Wọ́n ha èéhù kúrò lára ògiri, wọ́n kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, àwọn méjì tí wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá jọ gbé garawa kan nítorí pé kò sí òmíràn. Bu Tumini, tó ń ta kọfí, gbé ìkòkò tíì jáde, ó sì ń pín ìmọ̀ràn pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ayàwòrán tó fọwọ́ kan ògiri, ó ní láti lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Lọ́dọ̀ wa, "bẹ́ẹ̀ ni" àkọ́kọ́ kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni". Ìkíni ni. Èèyàn á mu tíì, á lọ, á padà wá lọ́jọ́ kejì, á tún padà lọ́jọ́ kẹta, ohun tí wọ́n bá sọ lọ́jọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀. Èmi ò ní sùúrù yẹn. Awakọ̀ ní kí n ya ẹkùn, mo ya ẹkùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lọ bá Mbah Karsinah.

Opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, Mbah sì ni a máa ń pe àgbà bíi tirẹ̀; ara rẹ̀ kéré bí ọmọdé. Ògiri rẹ̀ ló fẹ̀ jù, òun lèèyàn á kọ́kọ́ rí bó bá ti yà wọ ọ̀nà náà. Ó bù tíì fún mi.

"Mbah, mo fẹ́ ya àwòrán sára ògiri yín."

Ó wo ògiri náà pẹ́. "Ṣé ọ̀dà yín nípọn?"

"Ó nípọn, Mbah. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń kùn ún."

"Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò wá ní hàn?"

"Kò ní hàn rárá."

"Ṣe bí o bá ti fẹ́, ọmọ mi. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ."

Mo rò pé ẹwà ló ń wá. Mo mu tíì mi tán, mo lọ gbé àkàbà.

Ilà pọ̀ lára ògiri náà, láti ìsàlẹ̀ títí dé ìtòsí fèrèsé. Wọ́n fi ìṣó fà wọ́n, wọ́n sì fi èédú ra ojú ìṣó náà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀dà pupa. Ìdajì wọn wà lẹ́yìn pákó tí Mbah ń sá ẹja sí, òun fúnra rẹ̀ ló gbé pákó náà kúrò fún mi. Ẹ̀bá títì ni mò ń gbé, n kì í ṣe ọmọ ọ̀nà yẹn. Mo rò pé bíríkìlà ló fi wọ́n wọn nǹkan. N ò kà wọ́n. Mo kun ọ̀dà funfun bò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹja bandeng kan ni mo yà, ó gùn ju ọkọ̀ lọ, ó ń fò jáde nínú omi. Ìpẹ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo yà á, mo sì jẹ́ kí ó máa dán bí irin iwájú ọkọ̀ tuntun, nítorí ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ọjọ́ mọ́kànlá ni. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Galih yọ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Àwọn èèyàn sì wá. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé méjì pẹ̀lú fóònù. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan. Wọ́n á dúró lábẹ́ ẹnu ẹja náà, wọ́n á yanu bíi tirẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò. Bu Tumini gbé tábìlì kejì jáde. Ìyá kan ṣí ilé tó ti tì láti ọdún márùn-ún, ó ń ta ìrẹsì ẹlẹ́pà níbẹ̀. Awakọ̀ méjì wá bi mí bóyá mo ṣì ń fọwọ́ ya ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀kan ní sítíkà òun ti bọ́ lójú obìnrin náà, ó ku omijé nìkan. Ewúrẹ́ wá ibòmíràn sùn sí.

Mbah Karsinah nìkan ni n kò lóye.

Láràárọ̀, kí àlejò tó dé, á gbé àpótí ìjókòó jáde, á kẹ̀yìn sí ọ̀nà, á kọjú sí ògiri. Á fi àtẹ́lẹwọ́ ra ikùn ẹja náà, láti òsì dé ọ̀tún, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wá ìgbóná lára ọmọ. Nígbà mìíràn á fi itọ́ sí ìka, á fi pa ibì kan. Á gbé ojú sún mọ́ ọn. Á jókòó padà. Mo wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó ń ṣe ń yọ mí lẹ́nu bí egungun ẹja ní ọ̀nà ọ̀fun.

"Kí lẹ ń wò, Mbah?"

"Ẹja ni."

"Ẹja náà ò lọ síbì kankan."

"Mo kàn ń wò ó bóyá ó ń bọ́."

"Ọ̀dà mi kì í bọ́."

"O ṣé, ọmọ mi," ó ní, bí ẹni tí mo gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Mo lọ bá Bu Tumini, tí ògiri òun àti ti Mbah jọ kan ara wọn. Ó gbé kọfí fún mi, ó sì wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹni tó tẹ àwo mọ́lẹ̀.

"Ìwọ War, orí rẹ le. O ò mọ ohun tó o bò ni?"

"Ilà bíríkìlà."

"Bíríkìlà ni ìyá ẹ. Ilà Mbah Darmo ni, ọkọ rẹ̀. Lọ́dọọdún tí omi bá kún jù, ó máa ń fi ìṣó fa ibi tó dé. Ọdún mẹ́tàdínlógójì. Nígbà tó kú, ọmọ wọn, Margono, ti Balikpapan, lódìkejì òkun, wá sin ín. Ó fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ, ìyá kọ̀. Ni ọmọ bá fi ọ̀dà pupa fa ilà kan, ìka mẹ́rin sókè ilà tí bàbá rẹ̀ fà gbẹ̀yìn. Ó ní bí omi bá kọjá ibí yìí, ẹ ó bá mi lọ. Ìyá ní ó dára. Gbogbo wa la wà níbẹ̀."

"Omi ti kọjá?"

"Ta ni yóò mọ̀? Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ti kú. Ṣùgbọ́n ní ojú ògiri, ìka mẹ́rin ló ṣẹ́ kù, ohun tí Mbah fi di ilé rẹ̀ mú nìyẹn. Ìwọ wá gbé ẹja lé e."

"Ó ní kí n ṣe bí mo bá ti fẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lo bi í?"

Mo na ìka kan sókè. Ó mi orí. "Ṣé o rí i? Ẹ̀ẹ̀kan. Lọ́wọ́ Mbah Karsinah. Obìnrin tó máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ adìẹ kó tó lé e."

Ọ̀sẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ burú sí i. Ẹnì kan fi fọ́tò ẹja náà ránṣẹ́ sí Margono. Ó pe fóònù Bu Tumini, a jọ gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ilà mi dà? Wọ́n ti pa á rẹ́? Ó dára. Kò sí àdéhùn mọ́ nìyẹn. Mò ń bọ̀ fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, kí Ìyá di ẹrù wọn sílẹ̀."

Ọ̀nà náà kò bá mi jà. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í báni jà. Wọ́n kàn ń kí mi dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo ti gba ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ìyá arúgbó náà ní.

Ní tèmi, mo mọ bí a ṣe ń wá ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà. Pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń ní ìpele mẹ́fà, méje. Bí a bá fi sánpépà tútù ra á jẹ́jẹ́, àwòrán àná á yọ, lẹ́yìn náà ti ìjẹta. Ojú ìṣó kò sì lè parẹ́ nínú sìmẹ́ǹtì. Mo lè mú ilà náà padà wá, ẹja mi nìkan ni yóò kú. Bí ẹja bá sì kú, àwọn ìjọba ìlú tó fẹ́ wá wo ọ̀nà náà lẹ́yìn ọdún yóò rí ògiri ìwájú ní híha, ọ̀nà mẹ́wàá á di ti Galih. Mo ro ó fún ọjọ́ méjì. Mo ra ṣúgà, mo lọ sọ́dọ̀ Mbah, lọ́tẹ̀ yìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Lọ́jọ́ kìíní ó ní, "Má yọ ara rẹ lẹ́nu, ọmọ mi. Ẹja náà dára."

Lọ́jọ́ kejì ó ní, "Mo fẹ́ràn ẹja náà. Jẹ́ kó wà."

Lọ́jọ́ kẹta ó di ọwọ́ mi mú. "Mo bẹ̀ ọ́. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo padà sọ fún Bu Tumini. "Ọjọ́ kẹta ti pé, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ."

"Ojú ń tì í láti ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ ni."

"Ṣebí wọ́n ní ọjọ́ kẹta ni òótọ́."

"Fún àwa yòókù. Ti Mbah Karsinah, ó gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ márùn-ún."

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan nítorí pé mo gba ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, n kò fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Margono dé lọ́jọ́ kejì ọdún. Èèyàn sanra, ohùn rẹ̀ balẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó tọrọ àforíjì ọdún bí gbogbo ọmọ, ó sì jáde wá wo ògiri. Ọ̀nà kún lọ́jọ́ náà. Àwọn àlejò tò lábẹ́ ẹja. Ìyá onírẹsì kò rí ibi fi àwo sí. Wọ́n gbé kọfí fún Margono, wọ́n gbé òmíràn, ó jókòó lórí àpótí ìyá rẹ̀, ó ń wo gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀.

"Nígbà tí mo sin Bàbá," ó ní, "ajá nìkan ló wà níbí."

"Ewúrẹ́ ni," ni Bu Tumini wí.

"Ibí ti yàtọ̀. Ẹ wo Ìyá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín." Òótọ́ ni, Mbah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ àlejò kan ń fi ìka tọ́ ẹja hàn án, ó ń rẹ́rìn-ín. Margono nu ojú rẹ̀. "Bí mo bá kàn mọ ibi tí omi dé, ọkàn mi á balẹ̀. Mo lè fi wọ́n sílẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Mi ò kúkú fẹ́ fi tipátipá gbé wọn."

"Mo lè wá a fún ọ," ni mo wí.

Mo ti ní sánpépà àti garawa nílé Bu Tumini. Mbah Karsinah rí mi pẹ̀lú wọn, ó wá yára ju bí mo ti rí i rìn rí lọ.

"Ọmọ mi, fi ẹja náà sílẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn," Bu Tumini sọ sí mi létí.

"Ẹ má ṣe ìtìjú mi, Mbah," mo ní. "Ẹja lásán ni."

Kò sọ ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Ó lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Mo rẹ sánpépà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Omi funfun ń ṣàn sí ẹsẹ̀ mi. Àwọn àlejò kọ́kọ́ pariwo, lẹ́yìn náà wọ́n sún mọ́ ọn, nítorí ilà ti ń yọ. Ọ̀kan, òmíràn. Mbah Darmo lọ́wọ́ tó dúró. Gbogbo ilà rẹ̀ tọ́ bí okùn, ọdún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ń kà á sókè. Àwọn ará ọ̀nà ń sọ ọdún tí wọ́n bí ọmọ wọn, ọdún tí àga wọn léfòó jáde. Galih ti bọ́ bàtà, ó ń bá mi da omi sí i. Ilà mẹ́tàdínlógójì pé. Mo gòkè díẹ̀, mo ń wá pupa.

Kí n tó kan pupa, mo rí ilà kan mìíràn. Kò tọ́. Ó wọ́ bí ẹsẹ̀ adìẹ, kò sì sí ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òmíràn wà lókè rẹ̀, ó wọ́ bákan náà. Lẹ́yìn náà ni pupa Margono. Ọwọ́ mi ti mọ bí ó ṣe ń lọ sókè, sọ́tùn-ún, mi ò tètè dá a dúró. Ẹ̀kẹta yọ. Ìka méjì sókè pupa.

Mo dúró. Sánpépà ń kán tótó.

Margono fi ìka kan ilà òkè náà, ó fi wọ́n àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti tirẹ̀. "Ta ló fa èyí?"

Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ohun tí èèyàn bá ń rí lójoojúmọ́, kì í wò ó mọ́, pákó ẹja sì ti wà níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Èmi ni," ni Mbah Karsinah wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ọdún mẹ́ta tí Bàbá yín ò sí."

"Omi ti kọjá, Ìyá."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù Kejìlá."

"Kí ló dé tí ẹ fà á nígbà náà? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀."

Ó wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu gan-an. "Omi wá. Ẹni tí omi bá wá bá nílé ló ń fà á."

Nígbà náà ni mo tó lóye ọwọ́ tó ń ra ikùn ẹja láràárọ̀. Kì í ṣe pé ó ń wá ilà náà. Ó ń wò ó bóyá ó ń yọ. Kò lè ṣàì fà á, kò sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́, ni mo bá dé pẹ̀lú ọ̀dà tó nípọn, tí mo bi í ní ẹ̀ẹ̀kan, tí ó dá mi lóhùn ní òótọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló tún sọ ọ́ fún mi.

Margono kò pariwo. Ó gbé ìyá rẹ̀ dìde, wọ́n wọlé.

Àwọn ìjọba ìlú wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Orí ẹja àti ìrù rẹ̀ ló kù, ilà ogójì àti pupa kan ló wà láàárín. Mo ti ṣetán láti padà sídìí tahu. Wọ́n dúró níbẹ̀ pẹ́ ju ibi gbogbo lọ. Galih sọ nǹkan kan fún wọn tó gùn, n kò gbọ́ ìdajì rẹ̀, wọ́n sì fún mi ní méje nínú ọ̀nà mẹ́wàá. Àlejò ti pọ̀ sí i. Wọn kò yanu mọ́. Wọ́n ń wọn ara wọn mọ́ ilà ọdún tí wọ́n bí wọn, wọ́n ń mu kọfí Bu Tumini. Bu Tumini kò fún mi ní ìmọ̀ràn mọ́.

Mbah Karsinah ti wọkọ̀ ojú omi lọ sí Balikpapan lọ́jọ́ karùn-ún ọdún, pẹ̀lú báàgì kan àti àpótí ìjókòó rẹ̀. Mo lọ kí i. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ó ṣáájú mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí ṣúgà.

Orí òkè ni ilé Margono wà. Ó máa ń pe Bu Tumini lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ara ìyá òun le, oúnjẹ wà, yàrá rẹ̀ tóbi, ògiri rẹ̀ funfun. Ní àsìkò tí òkun máa ń kún lọ́dọ̀ wa, ìyá á dìde, á ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, á gbé bàtà gbogbo ilé sórí àga, á sì jókòó, á máa dúró. Omi kan kò ní wá. Nígbà tí wákàtí mẹ́ta bá pé, á kó bàtà náà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.